Orí Kẹrin: Mélòó Ló Kù?

Kí oòrùn tó yẹ̀ kúrò lójú fèrèsé, ọsàn márùn-ún ti kú ní Ilé Àfikún, ẹyin mẹ́fà ti tẹ̀ lé wọn, ọ̀rọ̀ sì wá kan àwọn ewúrẹ́ bàbá Kọ́ládé.

"Bàbá rẹ ní ewúrẹ́ mẹ́sàn-án," ni Fìtílà, ẹ̀rọ ìkọ́ni tó wà lórí tábìlì Kọ́ládé, wí pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó tutù minimini. "Ó ta méjì. Mélòó ló kú?"

Gbogbo iyàrá bú sẹ́rìn-ín. "Kọ́ládé, ẹ kú ará fẹ́ra kù o!" ni ọmọ kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Ọlọ́run á dá ewúrẹ́ tó kù sí fún yín!"

Kọ́ládé na ọwọ́ bí àgbà tí wọ́n wá kí nílé ọ̀fọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí Fìtílà. "Méje ló kù," ó wí, ó sì fa kù náà wálẹ̀ dáadáa kí ó má baà ṣe é ní àṣìṣe. Fìtílà tàn ní àwọ̀ ewé, ó sì bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn.

Àǹtí Ṣíjúadé, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ náà láti ìgbà tí ilé ìwé bá ti jáde títí oòrùn á fi wọ̀, kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi ohùn tuntun ránṣẹ́ sínú àwọn Fìtílà ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ yìí ni kù ti sọ ọ̀nà ilé nù lẹ́nu wọn. Ohun gbogbo tí a bá yọ nǹkan kúrò lára rẹ̀, kíkú ló ń kú. Ó ti fẹjọ́ sun Ìgbìmọ̀ Àfikún. Èsì tí wọ́n fún un ni pé ohùn Fìtílà kò ní àléébù kankan, kí ó kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń mọ ọ̀rọ̀ nípa ohun tó yí i ká. Ó ka èsì náà, ó pòṣé, ó sì fi Ìgbìmọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ ara wọn yangàn. Ṣebí àwọn ọmọ ti sọ ọ́ di eré.

Ẹnì kan ni kò bá wọn ṣeré. Ìbídùn jókòó nídìí ògiri, ó fi ọwọ́ òsì bo ọrùn ọwọ́ ọ̀tún. Ṣíjúadé mọ ohun tó ń bò. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa méjì ló wà níbẹ̀, irú èyí tí Fìtílà fi ń jẹ ọmọ tí kò bá dáhùn níyà. Fìtílà tu ọ̀kan sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó tu èkejì lánàá. Bí ẹ̀kẹta bá fi lè jáde lónìí, ọkọ̀ funfun á dé láàárọ̀ ọ̀la, á sì gbé ọmọ náà lọ sí Ilé Ìmúbọ̀sípò tó wà létí odi òkun. Àwọn ọmọ tí wọ́n bá gbé lọ síbẹ̀ máa ń kàwé díẹ̀ láàárọ̀, wọn a sì máa ru òkúta sí ìdí odi títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí òkun má baà wọ ìlú. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń wálé.

Ṣíjúadé fa àga, ó jókòó tì í.

"Ìbídùn, ìṣirò mélòó lo ti ṣe?"

"Mo ti ṣe ìròpọ̀ tán, Àǹtí. Mo ṣe ìsọdipúpọ̀. Mo ṣe pínpín."

"Ìyọkúrò ńkọ́?"

Fìtílà tó wà lórí tábìlì Ìbídùn ló dá a lóhùn, nítorí pé gbogbo ohun tí wọ́n bá ń sọ nínú iyàrá náà ló ń gbọ́. "Ìbídùn, màmá rẹ bí ọmọ mẹ́ta. Ọ̀kan lọ síbi odi òkun. Mélòó ló kú sílé?"

Ìbídùn tẹjú mọ́ tábìlì. Ìmọ́lẹ̀ Fìtílà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀. "Mo máa tún un bi ọ́ kí oòrùn tó wọ̀," ó wí. "Ìgbà náà ló kẹ́yìn."

"Ṣé o ò mọ̀ ọ́n ni?" ni Ṣíjúadé béèrè.

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí ló wá dé tó ò fẹ́ wí i?"

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, Àǹtí."

Díẹ̀ ló kù kí ẹ̀rín gba ẹnu Ṣíjúadé. Ọmọ ọdún méjìlá tó ń pòwe bí ìyá ìyá rẹ̀! Ṣùgbọ́n ó wo ojú ọmọ náà, ẹ̀rín náà sì gbẹ. Ojú Ìbídùn wú.

"Dìde," ó wí. "Òǹgbẹ ń gbẹ ọ́. Wá mumi."

Ẹnu ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìnkùlé nìkan ni etí Fìtílà kò dé, wọn kò sì gbà kí ọmọ pẹ́ níbẹ̀ ju ìgbà tó fi lè mumi lọ. Ṣíjúadé ṣí omi náà kó máa ya. Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni fẹ́ mu ún, ó sì sọ ọ́ sínú omi, láìgbé orí sókè.

"Bọ̀ọ̀dá Láníyì ti kú."

Ṣíjúadé di ògiri mú. Ó mọ Láníyì. Nínú iyàrá yìí ni Láníyì ti gba ìlẹ̀kẹ̀ pupa mẹ́ta lọ́dún méjì sẹ́yìn, nítorí ìwé kíkà tó ń ṣòro fún un. Ṣíjúadé ṣì rántí ọmọkùnrin gíga náà lẹ́nu ọkọ̀ funfun, tó ń juwọ́ bí ẹni ń lọ kí ìbátan, tí ìyá rẹ̀ sì ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀.

"Nígbà wo?"

"Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n wá sọ. Odi ló wó lù wọ́n, omi sì gbé wọn. Àbúrò bàbá mi ló lọ sin ín." Omi ń ya, ọmọ ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọn ò tíì túfọ̀ fún màámi. Ọjọ́bọ̀ tó ṣíwájú ìyẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọ̀la la máa sọmọ lórúkọ. Màmá Àgbà ní ẹni tó bá jẹ́ kó gbọ́ ṣáájú ìgbà yẹn, òun ló pa á. Ó ní ọyàn á gbẹ, àyà á já a, a ò sì mọ ibi tó máa yọrí sí."

"Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́." Ṣíjúadé fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ó ń wá ọgbọ́n, ó sì rò pé òun ti rí i. "Gbọ́ mi. Kò sẹ́ni tó ní kí o sọ pé ó kú. Fìtílà rò pé ó ṣì wà níbi odi òkun. Ìwọ ṣáà sọ pé méjì, ó tán. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀, kò sí ọkọ̀ funfun."

Ìbídùn gbé orí sókè. Ó wo olùkọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tí kò tètè mọ ìwé.

"Àǹtí, ta ló máa kà á fún màámi nírọ̀lẹ́?"

Ṣíjúadé fi ọwọ́ kan etí òsì ara rẹ̀.

Yẹtí ni. Òfin Etí Òbí ni. Gbogbo òbí tó ní ọmọ ní Ilé Àfikún ló ní yẹtí kan létí òsì. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, yẹtí á ka gbogbo ìbéèrè tí ọmọ dáhùn lọ́jọ́ náà, á sì ka ìdáhùn tẹ̀ lé e. Ìbéèrè tí ọmọ kò bá dáhùn, yóò kàn sọ irú ìṣirò tó jẹ́ ni. Àwọn òbí ló jà fún òfin náà fúnra wọn, wọ́n ní ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ máa bá ọmọ àwọn sọ ohun tí etí àwọn kò gbọ́. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n ohùn kan náà tó wà lẹ́nu Fìtílà ló wà nínú yẹtí. *A bi Ìbídùn pé mélòó ló kú sílé. Ìbídùn ní méjì.* Létí abiyamọ tí ara rẹ̀ kò tíì le, tó sì bí mẹ́ta kí ó tó bí ìkókó tó wà láyà rẹ̀.

Ọmọ yìí ti ro gbogbo rẹ̀ já. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń mọ̀ọ́mọ̀ gba ìlẹ̀kẹ̀ pupa, nítorí kí irọ́ má baà pa ìyá rẹ̀.

"Mo lè ṣe àlàyé fún Fìtílà," ni Ṣíjúadé wí, ṣùgbọ́n kí ó tó pa ẹnu dé ló ti mọ̀ pé kò lè ṣeé ṣe. Bí olùkọ́ bá ṣàlàyé ìdí tí ọmọ fi dákẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ kò ní jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n àlàyé olùkọ́ ni yẹtí máa ń kọ́kọ́ kà. Kò sí ibi tí èèyàn lè gbà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èyí tó sì sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á pa ẹlòmíì. Ó pa ẹ̀rọ omi.

Ó wo òkè. Oòrùn ti kan orí igi.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe náà rọrùn láti pa nígbà tí kì í bá ṣe ara ẹni ni àgbà tí à ń bá wí. Ṣíjúadé wọlé, ó gbé Fìtílà Ìbídùn kúrò lórí tábìlì.

"Níbo lò ń gbé mi lọ?" ni Fìtílà béèrè.

"Ilé aláìsàn."

"Ta ló ń ṣàìsàn?"

"Gbogbo wa ni," ó wí, ó sì fi ìborùn rẹ̀ wé e.

Ilé bàbá Ìbídùn kò jìnnà, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà náà gùn lójú Ṣíjúadé lọ́jọ́ yẹn. Ó ń rìn, ó ń bá ara rẹ̀ jà. Kí ló fẹ́ lọ sọ? Kì í ṣe ẹbí. Àlejò kì í túfọ̀ fún ọlọ́fọ̀. Àwọn àgbà ilé ló ń ṣe é, wọn á ti kọ́kọ́ rí i pé ẹni náà jẹun, wọn á sì ti yí i ká. Ohun kan ṣoṣo tó rò ni pé kí òun bẹ ìyá náà kó bọ́ yẹtí sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ òní, kí òun má sì sọ ìdí rẹ̀. Bó bá béèrè ìdí ńkọ́? Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ìbídùn di etí aṣọ rẹ̀ mú látẹ̀yìn bí ọmọ kékeré.

Wọ́n ti ń gbọ́ ẹ̀rín kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rín náà pọ̀. Àwọn obìnrin ilé ń rẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún. Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá Ìbídùn, ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà iyàrá abiyamọ. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ṣíjúadé kúnlẹ̀. "Ẹ káalẹ́, mà."

"Káalẹ́, olùkọ́. Ṣé àlàáfíà lẹ fi mú ọmọ wa wálé kí oòrùn tó wọ̀?" Ó wo Ṣíjúadé, ó wo Ìbídùn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ti sọ fún yín."

"Ó sọ fún mi, mà. Kò sọ fún ẹlòmíì."

"Háà!" Màmá Àgbà di orí mú. "Ẹ wọlé kí i bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn o. Bó bá bọ́ lẹ́nu yín, a ò ní rí i kó. Ẹ má sì pe orúkọ yẹn rárá. Ìyá Ìbídùn là ń pè é báyìí."

Ìyá Láníyì dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn pẹ̀lú ìkókó láyà. Yẹtí kékeré náà ń dán létí òsì rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó rí wọn.

"Ẹ kú ewu ọmọ," ni Ṣíjúadé wí. "Ẹ kú ewu ọmọ o, Ìyá..." Orúkọ náà ti dé òkè ahọ́n rẹ̀. Orúkọ tó ti ń pe obìnrin yìí láti ọdún mélòó kan wá ni. Ó gbé e mì. "Ìyá Ìbídùn."

Ẹ̀rín músẹ́ náà kúrò lójú ìyá ọmọ. Ó pa ojú dé, ó sì tún un là.

"Ẹ̀yin náà, Àǹtí?"

Ṣíjúadé ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ ń ko ara wọn jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀ yín. Ẹ bá mi bọ́ yẹtí yẹn sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ òní nìkan ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní ìdí."

"Bí mo bá bọ́ ọ, ṣebí wọ́n á ní n kò tẹ́tí sí ọmọ mi ni, wọ́n á sì fi ìlẹ̀kẹ̀ kún tọwọ́ rẹ̀."

Ṣíjúadé kò ronú kan ìyẹn. Ìtìjú àti ẹ̀rù mú un pọ̀. Omi kún ojú rẹ̀, ó sì yí orí padà kí ìyá ọmọ má baà rí i, ṣùgbọ́n ó ti rí i.

"Ìbídùn, ti ilẹ̀kùn," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ọmọ náà tì í.

"Láti ọjọ́ Ẹtì, kò sẹ́ni tó pè mí ní Ìyá Láníyì nínú ilé yìí mọ́," obìnrin náà wí. Ohùn rẹ̀ kò ga, kò sì gbọ̀n. "Bàbá wọn tó jẹ́ pé orúkọ yẹn ló fi ń jí mi láàárọ̀, mo ti di Ìyá Ìkókó lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè mí ní Ìyá Ìbídùn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín tó jẹ́ pé bí mo bá ń gbọ́ ọ, ẹ̀rù ló ń bà mí. Síbẹ̀ mo ń sọ fún ara mi pé kò sí nǹkan kan, àárẹ̀ ọmọ bíbí ló ń ṣe mí. Àfi ìgbà tí yẹtí yìí bẹ̀rẹ̀. Ìbídùn dáhùn ìròpọ̀. Ìbídùn dáhùn ìsọdipúpọ̀. Ìbídùn dáhùn pínpín. Ìbídùn kò dáhùn ìyọkúrò. Ó sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé, ó tún un sọ lánàá. Àǹtí, orí ẹsẹ̀ mi yìí ni mo ti fi kóró ẹ̀wà kọ́ ọmọ yìí ní ìyọkúrò, kò tíì lè wọ bàtà rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà yẹn. Mo wá bi ara mi pé, kí ni wọ́n yọ, tí ọmọ mi kò fi lè kà á?"

Ìkókó ń mu ọyàn.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn pé ẹ mọ̀?" ni Ṣíjúadé bi í.

"Bí mo bá ní mo mọ̀, n ó sunkún. Bí mo bá sunkún, àyà wọn á já pé mo fẹ́ kú. Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń ṣe wàhálà tó láti rẹ́rìn-ín fún mi? Mo ní kí n dúró dè wọ́n di ọ̀la." Ó na ọwọ́. "Ìbídùn, wá."

Ìbídùn wó lu ẹsẹ̀ ibùsùn, ó fi ojú bo orí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi ìka kan ìlẹ̀kẹ̀ pupa náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Nítorí mi lo ṣe gba ìwọ̀nyí?"

Kí ọmọ tó dáhùn, nǹkan pọ́n rẹ́súrẹ́sú lábẹ́ ìborùn Ṣíjúadé. "Ìbídùn," ni Fìtílà wí, "oòrùn ń wọ̀. Màmá rẹ bí ọmọ mẹ́ta. Ọ̀kan lọ síbi odi òkun. Mélòó ló kú sílé?"

Ṣíjúadé tú ìborùn, ó gbé Fìtílà kalẹ̀ sórí àpótí. Pípọ́n náà ti dé ìdajì, ó sì ń gòkè. Láti inú ihò tó wà nídìí rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ kẹta ti yọ orí.

"Dá a lóhùn," ni ìyá wí.

Ìbídùn mi orí. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

"Èmi ọlọ́mọ ni mo ní kí o kà wọ́n. N kò ní fún odi yẹn ní ọmọ méjì."

Ìbídùn fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ó wo ìkókó. "Ṣé kí n ka èyí mọ́ wọn?"

"Rárá. Fìtílà kò tíì mọ̀ ọ́n. Jẹ́ kó ṣì jẹ́ tiwa nìkan."

"Méjì," ni Ìbídùn wí. Lẹ́yìn náà ló wá yí ojú kúrò lára Fìtílà, tó kọ ọ́ sí ìyá rẹ̀, tó sì fa ọ̀rọ̀ náà wálẹ̀ dáadáa bó ṣe yẹ. "Méjì ló kù sílé, màámi. Èmi àti Fọlárìn."

Fìtílà tàn ní àwọ̀ ewé. Ìlẹ̀kẹ̀ náà padà sínú ihò rẹ̀. "Ó dára gan-an, Ìbídùn," ó wí, ó sì kú lójijì bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn kúrò lára ògiri. Ṣíjúadé fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyá ọmọ gbé ìka sókè, ó ń tẹ́tí. Iyàrá náà dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wọn fi gbọ́ ohùn tín-ín-rín tó wà létí rẹ̀, tó ń ka ìṣirò lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi dé ti ìkẹyìn. *A bi Ìbídùn pé mélòó ló kú sílé. Ìbídùn ní méjì ló kú.*

"Irọ́ ni," ni ìyá wí. Yẹtí ló ń dá lóhùn. "Ọ̀kan ni. Láníyì ni."

Ó gbé ìkókó fún Ṣíjúadé, ó bọ́ yẹtí náà, ó fi í sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fìtílà. Ìgbà náà ló ya ẹnu, ẹkún tó ti gbé mì láti ọjọ́ Ajé sì jáde. Nínú ilé ìdáná, ẹ̀rín dá. Wọ́n gbọ́ tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan tó fọ́. Wọ́n gbọ́ tí Màmá Àgbà ń pe orúkọ Ọlọ́run lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ti ilẹ̀kùn.

Ṣíjúadé kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Kò sí ohun mìíràn tó lè sọ ju èyí tí àwọn ọmọ fi kí Kọ́ládé lọ́sàn-án nítorí ewúrẹ́. Ó rọra sọ ọ́, ó sì fi ohùn kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ìyá Láníyì."